Òṣìṣẹ́ Rélùwéè tí Gbogbo Kolkata Tẹ́tí sí

Ní Kolkata, ìlú ńlá tó wà ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Íńdíà, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjì ló pín ìlú. Mohun Bagan ni ẹ̀gbọ́n. Ọdún 1889 ni wọ́n dá a sílẹ̀. East Bengal dé ní ọdún 1920, àwọn tí ìdílé wọn ti apá ìlà oòrùn Bengal wá, ibi tí a ń pè ní Bangladesh lónìí, sì gbà á bí ọmọ bíbí inú wọn. Nígbà tí wọ́n pín Íńdíà ní 1947, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sá wá sí Kolkata pẹ̀lú ẹrù tí wọ́n lè gbé lórí nìkan, ẹgbẹ́ náà di ohun tó kù tí wọ́n lè tọ́ka sí pé, tiwa nìyí. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe bọ́ọ̀lù lásán tí àwọn méjèèjì bá pàdé. Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní hilsa. Ìyẹn ni àwọn ará East Bengal máa ń sè lọ́jọ́ tí wọ́n bá borí. Edé ńláńlá ni ti àwọn Mohun Bagan. Ìjà náà ti wọ inú ìkòkò ọbẹ̀.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kò gbá bọ́ọ̀lù fún ìkankan nínú wọn. Atamátàsé ni, ọ̀kan nínú àwọn tó dáńtọ́ jù ní gbogbo ilẹ̀ Éṣíà ní ìgbà tirẹ̀, wọ́n sì wá a títí, ṣùgbọ́n kò wọ aṣọ Mohun Bagan, kò wọ ti East Bengal. Síbẹ̀, nígbà tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹgbẹ́ méjèèjì ló kọ́. Ó gba ife ẹ̀yẹ fún méjèèjì, ó fi ọ̀kan na èkejì, ó tún fi èkejì na ọ̀kan. Pradip Kumar Banerjee lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n P. K. ni gbogbo ayé ń pè é. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ka ìtàn ọkùnrin yìí, ohun tó sì ń yà mí lẹ́nu kì í ṣe iye góòlù tó jẹ. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ibi tí àwọn ènìyàn rò pé ó ti pàdánù gan-an ni mo rò pé ó ti rí ohun tó jẹ títí dọjọ́ ogbó.

Wọ́n bí i ní 23 oṣù Kẹfà, 1936, ní Jalpaiguri, ìlú kan ní àríwá Bengal níbi tí ilẹ̀ ti ń gòkè lọ bá àwọn òkè Himalaya. Ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Jamshedpur, ìlú tí iṣẹ́ irin Tata dá sílẹ̀, ibẹ̀ ló sì gbé dàgbà. Àìsàn kọlu bàbá rẹ̀, ẹrù ilé sì bọ́ sórí ọmọ náà nígbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀. Ó ń wá owó, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù. Kò tíì kúrò ní ọ̀dọ́langba tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù fún ìpínlẹ̀ Bihar nínú Santosh Trophy, ìdíje tí àwọn ìpínlẹ̀ Íńdíà fi ń wọ̀yá ìjà láàrin ara wọn. Apá ọ̀tún níwájú ni wọ́n fi í sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ìbọn rẹ̀ sì le. Tó bá ti yọ sí etí pápá, aṣọ́lé á ti mọ̀ pé wàhálà ń bọ̀.

Ní 1954 ó dé Kolkata, ó bá ẹgbẹ́ Aryan gbá bọ́ọ̀lù fún sáà kan. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ó lọ sí Eastern Railway, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí tó fi bọ́ bàtà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọmọ-ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ni èmi náà. Bàbá tó bí bàbá mi lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà ní Òṣogbo, gbogbo ilé wa ló sì mọ̀ pé owó oṣù yẹn, bó ti wù kó kéré tó, òun ló rán àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Àwọn òyìnbó tó fi irin ojú ọ̀nà há ilẹ̀ Íńdíà náà ló ṣe tiwa, ibi tí irin náà bá sì dé, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ń bá a dé ibẹ̀ ni. Rélùwéè ti Èkó gba Challenge Cup ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nítorí náà nígbà tí mo kà pé P. K. kọ̀ láti fi Eastern Railway sílẹ̀ lọ sí Mohun Bagan, kò ṣòro fún mi láti yé. Ní ìgbà náà ní Íńdíà, kò sí ẹni tó lè fi bọ́ọ̀lù nìkan bọ́ ìdílé. Orúkọ ńlá wà ní Mohun Bagan, ariwo wà níbẹ̀, òdòdó wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń fi kọ́ ọrùn ẹni tó bá ṣe dáadáa. Owó oṣù tí kì í yẹ̀, rélùwéè ló ni ín. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí àwọn àbúrò rẹ̀ ń wo ojú rẹ̀, kì í fi òdòdó se ọbẹ̀.

Àwọn kan ní Kolkata kò gba ìyẹn gbọ́ pé ó jẹ́ ọgbọ́n. Lójú wọn, agbábọ́ọ̀lù tí kò bá wọ aṣọ ọ̀kan nínú àwọn ńlá kò tíì gbá bọ́ọ̀lù. Èsì tí P. K. fún wọn dé ní 1958, orí pápá ló sì ti fọhùn. Eastern Railway gba líìgì Kolkata lọ́dún náà. Kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti tóbi tó: láti àárín ọdún 1930, Mohun Bagan, East Bengal àti Mohammedan Sporting ló ń gba líìgì náà mọ́ra wọn lọ́wọ́ bí ẹni pé ogún bàbá wọn ni. Rélùwéè wọlé sí wọn láàrin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn tún tì. Ẹgbẹ́ mìíràn tí kì í ṣe ara àwọn mẹ́ta náà kò gbà á mọ́ títí di ọdún 2019, nígbà tí Peerless gbà á. Ọdún 61 nìyẹn.

Ní 1955, ọdún kan náà tó wọ rélùwéè, ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún Íńdíà, ní Dhaka. Ìgbà rere ló bọ́ sí. Àwọn aṣáájú rẹ̀ ti jẹ ìyà ẹsẹ̀ lásán: ní Òlíńpíìkì London ní 1948, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Íńdíà ni kò wọ bàtà, Faransé sì fi góòlù 2 sí 1 nà wọ́n lẹ́yìn tí àwọn ọmọ Íńdíà ti ṣi pẹ́nárítì méjì gbá. Ọdún tó tẹ̀lé e gan-an, 1949, ni ikọ̀ Nàìjíríà àkọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn náà gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà, pẹ̀lú Teslim Balogun tí wọ́n ń pè ní Thunder láàrin wọn. Àwọn òyìnbó tó ń wòran ya ẹnu sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọdún kan. Ohun tó mú kí Íńdíà wọ bàtà tipátipá ni Helsinki, ní Òlíńpíìkì 1952: òtútù mú wọn, Yugoslavia sì jẹ góòlù 10 sí ẹyọ kan lé wọn lórí. Láti ìgbà yẹn, bàtà di dandan.

Ní Melbourne ní 1956 ìyàtọ̀ ti hàn. Íńdíà na Ọsirélíà, tó jẹ́ onílé, ní góòlù 4 sí 2. Neville D'Souza jẹ mẹ́ta nínú wọn, òun sì ni ọmọ Éṣíà àkọ́kọ́ tó jẹ góòlù mẹ́ta nínú eré kan ní Òlíńpíìkì. Yugoslavia tún dá wọn dúró lẹ́yìn náà, 4 sí 1, Bulgaria sì gba ipò kẹta mọ́ wọn lọ́wọ́. Ipò kẹrin ni wọ́n ṣe. Ikọ̀ ilẹ̀ Éṣíà kankan kò tíì gòkè dé ibẹ̀ rí. P. K. jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Nígbà tó fi máa di Òlíńpíìkì Rome ní 1960, òun ni balógun ikọ̀. Wọ́n bọ́ sí ọwọ́ àwọn òṣìkà: Hungary, Faransé, Peru. Hungary fi agbára káká nà wọ́n ní 2 sí 1. Sí Faransé, P. K. fúnra rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ní ìlàjì kejì, Íńdíà sì ń lé iwájú. Ìgbà tó ku díẹ̀ kí eré parí ni Faransé tó rí tiwọn, ọ̀mì ni wọ́n gbá, 1 sí 1. Ẹ rántí pé Faransé tó na ẹlẹ́sẹ̀ lásán ní London nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Jakarta ni mo fẹ́ sọ jù, nítorí ibẹ̀ ni mo gbà pé wọ́n ti bí P. K. akọ́nimọ̀ọ́gbá, ọdún márùn-ún kó tó bọ́ bàtà.

Ẹni tó ń kọ́ Íńdíà láti 1950 ni Syed Abdul Rahim, tíṣà láti Hyderabad. Rahim Sahib ni wọ́n ń pè é pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nígbà tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ìdíje eré ìdárayá ilẹ̀ Éṣíà ní Jakarta, olú ìlú Indonesia, ní 1962, àrùn jẹjẹrẹ ti wà lára rẹ̀. Eré àkọ́kọ́ kò dára: Gúúsù Kòríà fi góòlù 2 sí òdo nà wọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n jí. P. K. gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí wọ́n na Thailand 4 sí 1, ó tún jẹ sí Japan, 2 sí òdo. Jarnail Singh, òpómúléró ẹ̀yìn wọn, fara gbọgbẹ́, wọ́n rán orí rẹ̀. Rahim kò mú un kúrò. Ó gbé e láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó ní kó máa wá góòlù. Ó wá a rí sí Gúúsù Vietnam, wọ́n sì fi 3 sí 2 wọ àṣekágbá, níbi tí Gúúsù Kòríà tó ti nà wọ́n ti ń dúró dè wọ́n.

Nígbà yẹn ìlú ti gbóná. Ìjọba Indonesia ti kọ̀ kí àwọn eléré Israel àti ti Taiwan wọ̀lú, ọmọ Íńdíà kan tó wà lára àwọn tó dá ìdíje náà sílẹ̀, G. D. Sondhi, sì ti dìde pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí wọ́n má pè é ní ìdíje Éṣíà mọ́. Inú bí Jakarta. Ọjọ́ kan ṣáájú àṣekágbá, èrò ya lọ sí ọ́fíìsì aṣojú Íńdíà wọ́n sì fi ẹ̀hónú bà á jẹ́. Àwọn agbábọ́ọ̀lù kò mọ nǹkan kan nípa Israel tàbí Taiwan. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n wá gbá. Ṣùgbọ́n ní 4 oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí wọ́n jáde sí pápá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó kún ibẹ̀ ń hó lé wọn lórí, kódà nígbà tí orin orílẹ̀-èdè wọn ń dún.

Gẹ́gẹ́ bí àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ṣe ń sọ ọ́ títí wọ́n fi darúgbó, Rahim kò kọ́ wọn ní ọgbọ́n tuntun kankan lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ó kàn bẹ̀ wọ́n ni. Ó ní ẹ̀bùn kan ṣoṣo lòun fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn, pé kí wọ́n fún òun ní wúrà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ ti ń tán lọ ló ń bẹ àwọn ọmọ tó tọ́, tíṣà ló sì ti jẹ́ kó tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá: ó mọ ìgbà tí ẹ̀kọ́ ti tó, tó ku ọ̀rọ̀. Ní ìṣẹ́jú 17, P. K. gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà, Jarnail Singh tó ní ìránṣọ lórí jẹ ìkejì. Kòríà rí ẹyọ kan nígbà tí eré ń lọ sópin, ṣùgbọ́n ó ti bọ́. Íńdíà 2, Gúúsù Kòríà 1. Rahim kú ní oṣù Kẹfà ọdún tó tẹ̀lé e. Íńdíà kò tíì gba wúrà bọ́ọ̀lù ní ìdíje náà mọ́ láti ìgbà yẹn títí di òní.

P. K. bọ́ bàtà ní 1967. Ìpinnu tó ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé kò fẹ́ fi orúkọ jẹun: ó lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ní Japan, lábẹ́ ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Dettmar Cramer, ó jókòó bí ọmọ ilé ìwé láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Ní 1970 ó wà lára àwọn tó kó Íńdíà lọ sí Bangkok, wọ́n sì na Japan láti gba àmì ẹ̀yẹ idẹ. Ní 1972, East Bengal pè é.

Ìgbà yìí ni ohun tí mo ń sọ látẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í so èso. Ká ní P. K. ti gbá bọ́ọ̀lù fún Mohun Bagan fún ọdún mẹ́wàá, ta ni ì bá gbé e wọ ilé East Bengal? Ta ni kò bá ní máa wò ó láti ìdí ojú? Àmọ́ ọmọ rélùwéè ni. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, kò sì sí ẹni tó lè pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú ọwọ́ mímọ́. East Bengal ti ń gba líìgì bọ̀ láti 1970, wọ́n ń bá a lọ lábẹ́ rẹ̀ títí tó fi pé mẹ́fà tẹ̀léra ní 1975. Ní 1973 ikọ̀ kan wá láti Àríwá Kòríà, Pyongyang City, láti du IFA Shield. East Bengal fi 3 sí 1 rán wọn padà sílé nínú àṣekágbá.

30 oṣù Kẹsàn-án, 1975 sì dé. Àṣekágbá IFA Shield, East Bengal àti Mohun Bagan. Góòlù márùn-ún ni East Bengal jẹ, Mohun Bagan kò rí ẹyọ kan. Márùn-ún! Wọ́n ní kí wọ́n má sọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní 1975 lójú ọmọ Mohun Bagan títí dòní. Ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà kò lè fara dà á, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Mo máa ń rántí ọkùnrin yẹn tí mo bá ń ka àwọn tó ń fi ọjọ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìdùnnú ẹni tó pọ̀ tó báyìí kì í wá láìsí ojú kan tó ń sunkún.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ẹni tó fi márùn-ún nà wọ́n ni Mohun Bagan gbé wá sílé.

Mo ti gbìyànjú láti fojú inú wo ọjọ́ tó kọ́kọ́ dúró níwájú wọn. Díẹ̀ lára àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ ló wà lórí pápá lọ́jọ́ márùn-ún yẹn. Kí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò wí? Ohun tí a mọ̀ ni àbájáde rẹ̀. Ní 1976, nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé nínú líìgì, ìṣẹ́jú àáyá 17 péré lẹ́yìn tí adarí eré fọn fèrè ni Mohammed Akbar ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n East Bengal. Góòlù kan yẹn ló parí eré náà. Mohun Bagan gba líìgì padà. Àwọn kan ṣì ń gbé ìjókòó wọn sí ààyè nígbà tí ohun tí wọ́n wá wò ti ṣẹlẹ̀ tán.

Ọdún 1977 ló tún tóbi jù. Ní oṣù Kẹsàn-án, Pelé wá sí Kolkata pẹ̀lú ẹgbẹ́ Cosmos ti New York, wọ́n sì bá Mohun Bagan gbá bọ́ọ̀lù ní Eden Gardens, pápá tí wọ́n ti ń ta kíríkẹ́ẹ̀tì, lórí ilẹ̀ tí òjò ti rin gbingbin. Àwọn ènìyàn wá wo Pelé. Ohun tí wọ́n rí ni Mohun Bagan tó fẹ́ borí. Pẹ́nárítì kan tí wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí ló jẹ́ kó di ọ̀mì, 2 sí 2. Prasun, àbúrò P. K. tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan, wà lórí pápá lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n na East Bengal gba IFA Shield, wọ́n gba Rovers Cup, wọ́n gba Durand Cup: ife mẹ́ta ní sáà kan.

Nígbà yẹn àwọn oníròyìn Kolkata ti ní orúkọ fún ohun tó ń ṣe nínú yàrá ìmúra. "Vocal tonic" ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé oògùn agbára ni, ti ẹnu la ń fi fúnni, etí la fi ń gbé e mì. Àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀ sọ pé ó lè pariwo, ó lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó mọ ẹni tí wọ́n ń bú àti ẹni tí wọ́n ń gbé lẹ́kẹ̀ẹ́. Ìran Yorùbá kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jiyàn lórí èyí. A mọ ohun tí oríkì ń ṣe fún ẹni tó ń lọ sójú ogun. Ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ bí ẹni pé ẹnu nìkan ló ní. Ẹnu kò jẹ góòlù ní ìṣẹ́jú àáyá 17. Ìdánrawò ló ṣe é, ọ̀rọ̀ wá dé lẹ́yìn, bíi ti Rahim ní Jakarta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn jù ni 13 oṣù Keje, 1997, sẹmi-fáínà Federation Cup ní pápá Salt Lake. P. K. ti lé ní 60 ọdún, East Bengal ló ń kọ́. Ní ìhà kejì, Amal Dutta ló ń kọ́ Mohun Bagan, òun náà àgbà ọ̀jẹ̀, ọkùnrin tí ìwé àti ọgbọ́n tuntun wà lórí rẹ̀. Ètò kan tó pè ní dáyámọ́ńdì ló fi ń gbá, Mohun Bagan sì ti fi ń fọ́ àwọn ẹgbẹ́ mìíràn lójú. Kí wọ́n tó pàdé, Dutta ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ó ń fi orúkọ àwọn ọmọ P. K. ṣeré: Sammy Omollo, ará Kenya, ó pè é ní omelette, ẹyin díndín, ó ní Bhaichung Bhutia, ọmọ kékeré kan láti orí òkè Sikkim, jẹ́ Chung Chung. Ìlú rẹ́rìn-ín. Ìwé ìròyìn tà. P. K. kò dá a lóhùn níta. Ó gbé àwọn orúkọ yẹn wọ yàrá ìmúra lọ fún àwọn tó ni wọ́n.

Èrò tó ju 130,000 ló wá. Ní Éṣíà, bóyá ni eré ẹgbẹ́ méjì tíì kó èrò tó bẹ́ẹ̀ jọ rí. East Bengal fi góòlù 4 sí 1 borí, "Chung Chung" sì jẹ mẹ́ta nínú wọn. Ẹyọ kan tí Mohun Bagan rí, ọmọ Nàìjíríà ló jẹ ẹ́: Chima Okorie, tó ti di àràbà ní Kolkata láti ọdún 1980 ó lé. Mo jẹ́wọ́ pé inú mi dùn nígbà tí mo rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìhà tí wọ́n nà ló wà.

Mi ò ní fi oyin pa gbogbo rẹ̀. Ẹni kan náà tó ń mú kí ẹgbẹ́ méjèèjì fò sókè kò rí Íńdíà gbé dúró. Ó kọ́ ikọ̀ orílẹ̀-èdè náà léraléra títí di àárín ọdún 1980. Nígbà tí wọ́n gba ìdíje Éṣíà lálejò ní Delhi ní 1982, Saudi Arabia fi góòlù kan ṣoṣo lé wọn jáde ní ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ. Àwọn tí P. K. ti nà rí, Japan, Kòríà, ti ń kọ́ àwọn ọmọ wọn láti kékeré, wọ́n ń wá owó sí i, wọ́n ń jáde lọ bá àwọn òyìnbó dù ú. Ní Íńdíà, kò sí líìgì gbogbo orílẹ̀-èdè títí di 1996. Àwọn ẹgbẹ́ Kolkata ń bá ara wọn jà nínú ilé kan náà, wọ́n rò pé ayé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lè gbé ènìyàn mọ́kànlá dìde fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Kò lè kọ́ ilé ìwé bọ́ọ̀lù sí ìlú tí kò ní.

Ó dà bí ẹni pé òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti 1991 títí di 1997 ó padà sí Jamshedpur, ìlú tó gbé dàgbà, láti ṣe olùdarí ẹ̀kọ́ ní Tata Football Academy, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ọmọdékùnrin láti ìpínlẹ̀ gbogbo wá gbé, tí wọ́n ń bọ́ wọn, tí wọ́n ń rán wọn níwèé, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù. Àwọn tó jáde níbẹ̀ kún inú ẹgbẹ́ ńláńlá Íńdíà. Kò sí ẹni tó kọ orin fún iṣẹ́ yìí bí wọ́n ti kọ ọ́ fún 1975. Fún èmi, òun ni mo máa kà ṣáájú. Ọmọ tó dé Jamshedpur tí wọ́n fún ní ibùsùn àti oúnjẹ kò ní láti yàn láàrin bọ́ọ̀lù àti owó ilé bí P. K. ti yàn nígbà tirẹ̀.

Íńdíà fún un ní Arjuna Award ní 1961, òun ni agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó gbà á, wọ́n fún un ní Padma Shri ní 1990, FIFA náà sì bu ọlá fún un ní 2004. Ó kú ní Kolkata ní 20 oṣù Kẹta, 2020, ní ọ̀sẹ̀ tí àrùn kòrónà ń ti ilẹ̀kùn gbogbo ayé, tí Íńdíà náà kò sì ní pẹ́ tì pa. Ìlú tó ti kó 130,000 ènìyàn jọ nítorí rẹ̀ kò lè kó ara rẹ̀ jọ láti sìn ín bó ṣe tọ́ sí i.

Àwọn mẹ́ta ni Íńdíà máa ń dárúkọ pọ̀ láti ìgbà Jakarta: P. K., Chuni Goswami tó jẹ́ balógun ikọ̀ lọ́jọ́ náà, àti Tulsidas Balaram. Mohun Bagan ni Goswami fi gbogbo ayé rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún. East Bengal ni Balaram lò jù. Rélùwéè ni P. K. Goswami kú ní 30 oṣù Kẹrin ọdún kan náà, kò tó oṣù méjì lẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Balaram sì tẹ̀lé wọn ní oṣù Kejì, 2023. Àjọ bọ́ọ̀lù Íńdíà ti fi ọjọ́ ìbí P. K., 23 oṣù Kẹfà, ṣe ọjọ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé.